Ó gbapò kìíní, wọn ò fún un ní mọ́tò: ohun tí sáà Formula 2 ti ọdún 2025 fi hàn wá

Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ní pápá ìje Lusail ní Qatar, Leonardo Fornaroli, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, gba ife ẹ̀yẹ Formula 2. Ó ṣì ku ìpele kan kí sáà parí nígbà tó ti gbé e lọ pátápátá. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀ tí Red Bull fi kéde ẹni tí wọ́n máa gbé mọ́tò Formula 1 fún ní ẹgbẹ́ wọn kékeré, Racing Bulls, lọ́dún 2026. Orúkọ Fornaroli kọ́ ni wọ́n pè o. Arvid Lindblad ni wọ́n pè, ọmọ ọdún 18 láti Ìlú Ọba. Òun náà wa Formula 2 lọ́dún yẹn, àmọ́ kò sí láàárín àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa sọ pé, "Kí ló kàn mí nínú mọ́tò àwọn òyìnbó?" Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdánwò àti ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n ń gbà wọlé lẹ́yìn ìdánwò ni mo fẹ́ sọ, kò sì sí ọ̀dọ́ kan ní Ìbàdàn tàbí Èkó tí ọ̀rọ̀ yẹn ò kàn.

Fún ẹni tí kì í wo eré yìí, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ ní ṣókí. Mọ́tò tí ẹnì kan ṣoṣo ń jókòó sí, tí táyà ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níta gbangba, ni wọ́n ń wà. Ọmọdé máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí kart, mọ́tò kékeré tí kò ní òrùlé, nígbà míì láti ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ. Tó bá dàgbà díẹ̀, ó di Formula 4, lẹ́yìn náà Formula 3, lẹ́yìn náà Formula 2. Òkè pátápátá ni Formula 1 tí gbogbo ayé ń wò.

Ní Formula 2, awakọ̀ 22 ló ń díje nínú ẹgbẹ́ 11. Ilé iṣẹ́ kan náà, Dallara, ló ṣe mọ́tò gbogbo wọn. Mecachrome ló ṣe ẹ́ńjìnì, Pirelli ló ni táyà. Lóòótọ́, àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ kan lè gbọ́n ju ti ẹgbẹ́ kejì lọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ pé mọ́tò òun ló kéré sí ti ẹnì kejì. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé kí gbogbo ayé lè rí ẹni tó mọ ọkọ̀ wà ní ti gidi. Ọjọ́ Sátidé, ìje kúkúrú: wọ́n á yí ìlà àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ po, ẹni tó yẹ kó wà níwájú á wà lẹ́yìn. Ọjọ́ Sunday, ìje gígùn, tí ẹni tó bá borí ń gba pọ́ìntì 25. Tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kejìlá, ẹni tó bá wà lókè, kì í ṣe oríire ọjọ́ kan ló gbé e débẹ̀.

Fornaroli gan-an ni àpẹẹrẹ. Ní 2024, ó gba ife Formula 3 láì borí ìje kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni, ìje kan ṣoṣo. Àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe ni pé kò ṣubú. Bí àwọn yòókù ṣe ń kọlu ara wọn, òun ń kó pọ́ìntì lọ sílé. Nígbà tó dé Formula 2, oṣù Keje ní Silverstone ló tó kọ́kọ́ borí, látìgbà yẹn ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í borí lemọ́lemọ́. Ẹ wá fi wé Alex Dunne, ọmọ Ireland, tó yára bí iná, tó tiẹ̀ ṣíwájú tábìlì fúngbà díẹ̀. Ní Monaco, Dunne ló wà níwájú ìlà nígbà tí ìje gígùn bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ní kọ́nà àkọ́kọ́ gan-an ni òun àti Victor Martins fara gbá, tí ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì kó jọ síbẹ̀ bíi go-slow. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni Fornaroli kì í sábà ní.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Láti bíi ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, awakọ̀ márùn-ún péré ló ti gba ife ìpele kẹta, tí wọ́n sì gba ti ìpele kejì lọ́dún tó tẹ̀ lé e gan-an: Charles Leclerc, George Russell, Oscar Piastri, Gabriel Bortoleto, àti Fornaroli yìí. Àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ ń wa Formula 1 lónìí. Ẹnì karùn-ún ló ń dúró nílẹ̀.

Ó tún wá burú sí i, torí òfin Formula 2 sọ pé ẹni tó bá ti gba ife kò lè padà wá díje níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti fún un níwèé ẹ̀rí, wọ́n ti sín in jáde, kò sì ríbi wọ̀. Tó bá jẹ́ pé ó gbapò kejì ni, ì bá padà wá.

Kí ló wá fà á? Mo rí nǹkan mẹ́rin.

Àkọ́kọ́, àyè ò sí. Mọ́tò 20 ló wà ní Formula 1 lọ́dún 2025. Ní 2026, Cadillac dé, ó di 22. Ẹ rò pé méjì tó ṣẹ́ yọ á bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọdé? Rárá o. Sergio Pérez àti Valtteri Bottas, àgbà awakọ̀ méjì tó ti borí ìje 16 láàárín ara wọn, ni Cadillac gbà. Wọ́n nílò ìrírí, mi ò bá wọn wí. Àmọ́ nínú gbogbo mọ́tò 22, ẹyọ kan ṣoṣo ló bọ́ sọ́wọ́ ẹni tuntun. Ti Lindblad nìyẹn.

Ìkejì, ta ló mú ẹ lọ́mọ? Àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa ń mú ọmọ láti kékeré, wọ́n á máa náwó lé e lórí, wọ́n á máa tọ́ ọ. Láti 2021 ni Lindblad ti wà lábẹ́ Red Bull, Red Bull sì ni mọ́tò mẹ́rin lọ́wọ́ nínú ẹgbẹ́ méjì. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 17, lóṣù Kẹfà 2025, FIA, àjọ tó ń darí eré náà, ti fọwọ́ sí i pé ó lè gba ìwé àṣẹ Formula 1 kó tó pé ọdún 18. Àga ẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí sáà tó parí. Fornaroli ní tiẹ̀ kò sí lábẹ́ ẹgbẹ́ Formula 1 kankan nígbà tó ń gba pọ́ìntì kiri. Lẹ́yìn tó borí ni McLaren tó mú un sínú ètò àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ wọn. Ìròyìn ayọ̀ ni, àmọ́ ẹ wo ẹni tó jókòó síbẹ̀: Lando Norris, tó jẹ́ akọni àgbáyé 2025, àti Piastri. Ta ni wọ́n fẹ́ lé kúrò nínú àwọn méjèèjì?

Ìkẹta, ọdún wo lo jáde? Àwọn tó jáde nínú sáà 2024 bọ́ sí àsìkò tí ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Bortoleto tó gbapò kìíní ti fọwọ́ síwèé pẹ̀lú Sauber kó tó gba ife. Isack Hadjar tó ṣe ìkejì wọ Racing Bulls. Kimi Antonelli tó ṣe ìkẹfà bọ́ sí Mercedes. Oliver Bearman tó ṣe ìkejìlá bọ́ sí Haas. Kódà, Williams ti wá mú Franco Colapinto lọ láàárín sáà. Ẹni márùn-ún látinú kíláàsì kan! Àmọ́ Felipe Drugovich gba ife ní 2022, Théo Pourchaire gbà á ní 2023, kò sí èyí tó tíì wa ìje Formula 1 kan nínú àwọn méjèèjì. Piastri alára, tó gba ti 2021, fi gbogbo 2022 jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ìkẹrin, owó. Iye tí ìròyìn máa ń dárúkọ fún sáà kan ní Formula 2 jẹ́ bíi mílíọ̀nù méjì sí mẹ́ta owó yúrò. Òbí tàbí onígbọ̀wọ́ ló ń san án. Kí ọmọ tó débẹ̀ ńkọ́? Ọdún mẹ́wàá nínáwó nìyẹn.

Àwa tá a ti Poly jáde, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí wa. HND wà lọ́wọ́ ẹ, máàkì ẹ dáa, wọ́n á ní B.Sc. làwọn ń wá. Kì í ṣe pé o ò mọ iṣẹ́. Ẹni tó wà lẹ́nu géètì ti mọ irú ẹni tó fẹ́ kó o tó dé ni.

Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún yín pé àwọn ẹgbẹ́ ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ wo Bearman. Ní Jeddah lóṣù Kẹta 2024, appendix Carlos Sainz dàrú, wọ́n ní kí ọmọ ọdún 18 yìí wá wa Ferrari láìròtẹ́lẹ̀. Ó ṣe ìkeje. Ìkejìlá tó ṣe nínú tábìlì Formula 2 lọ́dún yẹn kò sọ irú awakọ̀ tó jẹ́. Lọ́dún 2025, ó gbé Haas dé ipò kẹrin ní Mexico. Hadjar fi mọ́tò gbá ògiri ní Melbourne kí ìje ẹ̀ àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ó ń sunkún níṣojú gbogbo ayé. Lóṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ó ṣe ìkẹta ní Zandvoort. Red Bull ti wá gbé e sínú ẹgbẹ́ wọn àgbà fún 2026. Antonelli ṣe ìkẹta ní Canada lọ́mọ ọdún 18. Ojú àwọn tó ń yan awakọ̀ ń rí ohun tí tábìlì ò rí, ó sì ṣeé ṣe kí Lindblad náà jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Níbi tí mo ti bá wọn jà nìyí. Tó bá jẹ́ pé tábìlì kọ́ lẹ máa wò, ẹ má sọ fún àwọn òbí pé àtẹ̀gùn ni. Òfin FIA fúnra ẹ̀ sọ pé awakọ̀ gbọ́dọ̀ ní pọ́ìntì 40 kó tó gba ìwé àṣẹ Formula 1, ẹni tó bá sì wà láàárín mẹ́ta àkọ́kọ́ ní Formula 2 ti gba 40 náà pé. Ìyẹn ni pé àwọn tó ni ìdánwò gbà pé ọmọ náà ti yege. Ta ló wá kù tó yẹ kó gba ẹjọ́ ẹ̀ rò?

Mi ò sọ pé kí wọ́n fipá gbé mọ́tò fún ẹni tó bá gbapò kìíní. Ẹgbẹ́ tó ń náwó lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ẹni tó wù ú. Àmọ́ òfin kan ti wà nílẹ̀: láti 2025, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fún awakọ̀ tuntun láyè lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún nínú ìdánrawò ọjọ́ Friday. Ẹgbẹ́ mẹ́wàá ló wà lọ́dún 2025, ìgbà mẹ́rin: 40 nìyẹn. Nínú 40 yìí, kò sí ẹyọ kan tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tó gba ife Formula 2. Kí ló dé tí wọn ò lè ya mẹ́rin sọ́tọ̀ fún un nínú ẹgbẹ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀? Kò ní ná wọn ní owó tuntun. Ó kàn máa jẹ́ kí ẹni tó yege ríbi fi ohun tó mọ̀ hàn ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú un wá sílé díẹ̀. Ugo Ugochukwu tó borí ní Macau lóṣù Kọkànlá 2024, ìje ńlá tí gbogbo ọ̀dọ́ awakọ̀ ń lálàá ẹ̀, ọmọ Oluchi Onweagba ni, ọmọ Èkó tó gba Face of Africa ní 1998. A yọ̀, orúkọ náà dùn ún gbọ́ létí. Àmọ́ àsíá Amẹ́ríkà ló wà lára ọkọ̀ ẹ̀, òkè òkun ló sì ti kọ́ṣẹ́. Ilẹ̀ Áfíríkà ò tíì gbàlejò ìje Formula 1 kankan mọ́ látìgbà tí wọ́n ti ṣe é ní Kyalami, South Africa, ní 1993. Tí ẹni tó wà nídìí àtẹ̀gùn, tó sì gùn ún dé òkè, ò bá rí ilẹ̀kùn wọlé, kí lẹ rò pé ó ń dúró de ọmọ tí àtẹ̀gùn ò tiẹ̀ sí ládùúgbò ẹ̀?

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ nìyí. Akádẹ́mì bọ́ọ̀lù ni o, kọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà oṣù mẹ́fà ni o, ibikíbi tí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ sanwó torí pé ẹni tó bá ṣe dáadáa á rọ́nà lọ, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta kẹ́ ẹ tó yọ owó. Àyè mélòó ló wà lókè lọ́dún yìí? Ta ló ń yàn, ṣé ó sì ti ní ẹni tiẹ̀ nílẹ̀? Ẹni tó ṣe kìíní lọ́dún tó kọjá, níbo ló wà báyìí?

Ìbéèrè kẹta yẹn ni kẹ́ ẹ dì mú jù. Tí wọ́n bá bi Formula 2 ní 2026, ìdáhùn ẹ̀ ni pé ó wà lọ́dọ̀ McLaren, ó ń dúró de ìgbà tí àga á ṣófo.