Ìjọra Ìró Kì Í Ṣe Ìbátan

Ó ti di àṣà fún àwọn kan láti máa tẹnu mọ́ ọn pé kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìmọ̀ ìràwọ̀ wíwò ilẹ̀ Íńdíà tí kì í ṣe ti èdè Sáńsíkírítì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bí a bá bi wọ́n nípa “hora”, èyí tí í ṣe wákàtí, wọn a ní láti ara “ahoratra”, ọ̀sán àti òru, ni ó ti wá: a gé e lórí, a gé e nídìí, ó ku àárín. Àlàyé náà ti pẹ́, ó sì dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka èdè Faransé, ẹ wo “heure”. Inú èdè Látìn ni ó ti wá, Látìn sì gbà á lọ́wọ́ àwọn Gíríìkì. Ọwọ́ àwọn Gíríìkì yìí kan náà ni Íńdíà ti gba “hora”. “Kendra” ni “kentron” wọn, tí Faransé ń pè ní “centre”. “Jamitra” ni “diametros”, tí Faransé ń pè ní “diamètre”. Ọ̀rọ̀ kan lè ṣèèṣì jọ òmíràn. Bí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ bá jọra ní ìró, tí wọ́n jọra ní ìtumọ̀, tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú ìmọ̀ kan náà, ta ni yóò tún pè é ní èèṣì?

Ṣé Íńdíà wá di alágbe ni? Rárá o. Ilé òṣùpá 27 tí wọ́n ń pè ní “nakshatra” ti wà lọ́dọ̀ wọn kí ìmọ̀ Gíríìkì tó dé. “Jyotisha”, orúkọ ìmọ̀ náà gan-an, láti ara ìmọ́lẹ̀ ni. Varahamihira, ọ̀gá awòràwọ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yẹ kí a bọlá fún àwọn Gíríìkì nítorí ìmọ̀ yìí. Ojú kò tì í láti sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. “Ketu” ni àwọn ará Íńdíà ń pe ọ̀kan nínú oríta méjì tí ọ̀nà òṣùpá àti ti oòrùn ti pàdé. Ṣé a ó wá tìtorí èyí sọ pé Íńdíà ni a ti tẹ Kétu dó? Ẹ ó rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, irú ìjọra bẹ́ẹ̀ ni J. Olumide Lucas gbára lé ní 1948, nígbà tí ó ń wá orírun ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ sí Íjíbítì, àwọn kan nínú wa sì ń tẹ̀ lé e títí dòní.

A ń béèrè àlàáfíà ara wa, a ń gba àdúrà. Láti inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá, Yorùbá kò sì tìtorí rẹ̀ dín kù. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé èdè rẹ̀ ga, kí ó kọ́kọ́ wádìí òtítọ́ nípa rẹ̀.