Èròjà Ọpọlọ àti Ìwà Ọmọ Ènìyàn

Ní Òsí àti Ìlọ́fà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, bí ọmọ bá ń bínú sódì, ẹ ó gbọ́ pé bàbá rẹ̀ ló jọ. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣófo, nítorí èròjà inú ọpọlọ, tí ìjogún lè nípa lórí rẹ̀, lọ́wọ́ nínú ìwà.

Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń fi egbò asofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè. Ọdún 1960 ni dókítà ọpọlọ Raymond Prince kọ̀wé nípa rẹ̀. Reserpine, èròjà kan nínú egbò náà, ń dín èròjà ọpọlọ tí à ń pè ní dopamine àti serotonin kù, ara ẹni tó ń jà a sì rọ̀.

Ẹ tún wo àwọn tí àrùn Parkinson ń mú kí ọwọ́ wọn máa gbọ̀n. Àwọn oògùn kan tó ń ṣiṣẹ́ bíi dopamine máa ń sọ àwọn mìíràn nínú wọn, tí wọn kò ta tẹ́tẹ́ rí, di atatẹ́tẹ́. Bí dókítà bá dín oògùn náà kù, ọ̀pọ̀ a jáwọ́. Ó yẹ kí ẹbí mọ èyí kí wọ́n tó pe bàbá wọn ní oníwàkíwà!

Síbẹ̀, èròjà nìkan kọ́ ló ń darí ìwà. Ní ọdún 1954, ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró, Abẹ́òkúta, Dókítà Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn lóògùn, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n máa gbé láàárín ìbátan àti ará abúlé.