A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ẹ Yé Fi Orúkọ Àgbẹ̀ Gba Owó Ìwádìí

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti oògùn apakòrikò. Ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń fi orúkọ wa gbà ni.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn olùwádìí kan kó mọ́tò méjì wá sí abúlé wa. Wọ́n pín igi ẹ̀gẹ́ tuntun fún wa, wọ́n ní ó máa ta ju èyí tí à ń gbìn lọ. Wọn ò parọ́, ẹ̀gẹ́ yẹn ta gan-an. Éékà kan ni mo fi gbìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo hú u, àwọn ìyá tó ń ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ mi gé e, wọ́n wò ó, wọ́n ní omi inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Wọ́n ní tí àwọn bá lọ̀ ọ́ tí àwọn fún un tán, gààrí tó máa kù níbẹ̀ ò ní tó owó igi ìdáná. Owó pọ́ọ́kú ni mo tà á. Iṣẹ́ ọdún kan gbáko lọ bẹ́ẹ̀. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n fún wa, wọ́n dá mi lóhùn pé, “Bàbá, iṣẹ́ ìwádìí yẹn ti parí.”

Ó parí fún wọn. Fótò wa wà lọ́wọ́ wọn, níbi tí a ti di ìgò mínírà mú, tí à ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń lọ. Olùwádìí tó bá ń wá owó gbọ́dọ̀ kọ ìwé ránṣẹ́ sí àwọn tó ni owó. Nínú ìwé yẹn, ọ̀pọ̀ wọn máa ń bi í pé: àǹfààní wo ni iṣẹ́ yìí máa ṣe fún ará ìlú? Ní Amẹ́ríkà, nǹkan méjì ni àjọ NSF máa ń wò kí wọ́n tó fún èèyàn lówó: ìmọ̀ tuntun tí iṣẹ́ náà máa mú wá, àti oore tó máa ṣe fún àwùjọ. Ní Ìlú Ọba, ìwé kékeré kan wà lọ́tọ̀ tí wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ àǹfààní sí. Ní 2020, àjọ UKRI fagi lé ìwé ọ̀tọ̀ yẹn, wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ àǹfààní wọ inú ìwé ìbéèrè owó gan-an. Nílé wa níbí, TETFund ń fún àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba lówó ìwádìí. Owó ìlú nìyẹn, kì í ṣe owó bàbá ẹnì kan.

Ibi àǹfààní yẹn ni orúkọ wa ti ń wọlé. “Àwọn àgbẹ̀ kéékèèké máa jàǹfààní.” “Owó tó ń wọlé fún àwọn obìnrin máa pọ̀ sí i.” Ó dùn ún kà. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n bi? Inú ọ́fíìsì ni wọ́n ti kọ ọ́. Ìgbà tí owó ti jáde tán ni wọ́n tó ń wá abúlé tí wọ́n máa gbé e lọ. Tí iṣẹ́ bá wá parí, wọ́n á kà á pé àwọn dá àgbẹ̀ báyìí-báyìí lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ gbọ́ o, kíka orí èèyàn kì í ṣe àǹfààní. Ohun tó bá kù lóko lẹ́yìn tí mọ́tò wọn ti lọ, òun ni àǹfààní.

Àwọn kan á ní ìwádìí kì í ṣe oògùn ajẹ́bíidán, pé olùwádìí ò lè búra fún ohun tí kò tíì rí. Òótọ́ ni, èmi náà ò ní kí ó búra. Ohun tí mo ní kó ṣe ni pé kó ṣètò. Ẹ rántí kòkòrò funfun tó wọ Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970, tó ń pa ẹ̀gẹ́ run. Igbe àgbẹ̀ ni iṣẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Hans Herren àti àwọn ará IITA n’Íbàdàn wá ọ̀tá kòkòrò yẹn dé ìlú rẹ̀, agbọ́n tín-ín-tín kan láti Paraguay. Láti 1981 ni wọ́n ti ń tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n ṣètò bí wọ́n ṣe máa sìn ín kó pọ̀, bí wọ́n ṣe máa fọ́n ọn káàkiri, bí wọ́n ṣe máa padà lọ wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Àgbẹ̀ ò san kọ́bọ̀, ẹ̀gẹ́ sì padà bọ̀ sípò. Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Àǹfààní tí wọ́n fi owó àti iṣẹ́ tì lẹ́yìn nìyẹn. Kì í ṣe gbólóhùn dídùn lásán.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n wa, ẹ wá kí ẹ tó kọ̀wé. Ẹ pe àwọn ìyá onígààrí kí ẹ tó yan irú ẹ̀gẹ́ tí ẹ máa pín, kí ẹ sì sanwó fún àkókò wọn bí ẹ ṣe ń sanwó fún ẹni tó ń ṣe kọ̀ǹpútà. Ẹ ya owó sọ́tọ̀ láti padà wá lẹ́yìn ìkórè, kí ẹ sọ àbájáde rẹ̀ fún wa ní Yorùbá, kódà tó bá jẹ́ pé kò ṣiṣẹ́.

Ẹ̀bi wa náà wà ńbẹ̀ o. Owó ọkọ̀ àti ìgò mínírà kan, a ti fọwọ́ síwèé. Láti òní lọ, kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ẹnikẹ́ni, kí ẹ tó jókòó fún fótò, ẹ bi wọ́n ní nǹkan mẹ́rin yìí:

1. Ta ni ó sọ fún yín pé ìṣòro wa nìyí?
2. Ta ni ó máa ra ohun tí ẹ ní ká gbìn, ṣé ẹ ti bi wọ́n?
3. Tí èrè mi bá sọnù lórí rẹ̀, kí ni ẹ kọ síwèé pé ẹ máa ṣe?
4. Lẹ́yìn tí owó yín bá tán, ọwọ́ ta ni a ti máa rí igi tàbí irúgbìn yẹn?

Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ tòótọ́ ò ní bínú sí ìbéèrè yìí, ó máa mú jókòó ni. Ẹni tó bá bínú, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ má gbin nǹkan rẹ̀ sórí éékà kan bí mo ṣe ṣe. Tó bá wù yín láti dán an wò, ebè díẹ̀ ní igun oko ti tó.

Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ sọ tiyín nísàlẹ̀. Kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yín tó wà ní yunifásítì. Àwọn ló máa kọ ìwé ìbéèrè owó lọ́la.

Iṣẹ́ ò ní pa wá o.