Ààbò Aláboyún ní Jeppestown: Láti Ẹnu Ọ̀nà Kílíníìkì dé Inú Yàrá

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìlera aláboyún, oúnjẹ, ìsinmi àti oògùn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ní Jeppestown, àdúgbò àtijọ́ tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn àárín ìlú Johannesburg, ìbéèrè mìíràn ti ṣáájú àwọn wọ̀nyí láti ọdún mélòó kan wá: ǹjẹ́ wọn yóò jẹ́ kí aláboyún náà wọlé? Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláboyún nínú ilé, àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera tí ẹ ń forúkọ wọn sílẹ̀, ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí fún, pàápàá níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá àti àwọn àjèjì mìíràn bá pọ̀ sí.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, mo pàdé obìnrin kan, ọmọ Ìsẹ́yìn, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje, tí kò sì tíì forúkọ sílẹ̀ níbikíbi. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní kí n mú ìwé ìdánimọ̀ ilẹ̀ yìí wá. Mi ò ní in. Ni mo bá padà sílé." Nígbà tí a wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ti ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé kò sí àkọsílẹ̀ kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún tí a lè fi wé e. A kò lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru náà ti wà lára rẹ̀ kí ó tó lóyún, tàbí oyún ni ó mú un wá. Ìtọ́jú méjèèjì kò sì rí bákan náà.

Ohun tí òfin sọ

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó rò pé ojú àánú ni a fi ń tọ́jú aláboyún tí kò ní ìwé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1994, Ààrẹ Nelson Mandela kéde pé aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà yóò máa gba ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè náà, èyí tí í ṣe òfin 61 ti ọdún 2003, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní abala kẹrin, ó sì fi ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú kún un. Abala 27 nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ Gúúsù Áfíríkà sọ pé gbogbo ènìyàn ni ó ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ìlera, títí kan ti ìbímọ, àti pé a kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. "Gbogbo ènìyàn" ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe "ọmọ ìlú".

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2020, ìgbìmọ̀ ìlera ti ìpínlẹ̀ Gauteng gbé ìlànà kan jáde tí ó mú kí àwọn ilé ìwòsàn máa béèrè owó gọbọi lọ́wọ́ àwọn aláboyún tí kò ní ìwé ìgbélùú. Àjọ SECTION27 àti àwọn obìnrin tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ní ọdún 2022. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Johannesburg dá ìlànà náà nù. Ó pàṣẹ pé aláboyún, ìyá ọlọ́mọ-ọmú àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, yálà wọ́n ní ìwé tàbí wọn kò ní, láìka orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wá sí. Ẹni tí ó wà nínú ètò adójútòfò ìlera, àti ẹni tí ó wọ ìlú nítorí àtigba ìtọ́jú nìkan, ni a yọ sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ tún ní kí a lẹ ìkéde èyí mọ́ ara ògiri ní àwọn ilé ìwòsàn. Ẹ wo ògiri tiyín. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwòsàn yín.

Láàárín ọdún 2025, wàhálà náà kúrò nínú ìwé, ó bọ́ sí ìta gbangba. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Operation Dudula àti àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sẹ́nu ọ̀nà kílíníìkì, bí irú ti Yeoville àti Rosettenville, wọ́n ń béèrè ìwé ìdánimọ̀, wọ́n sì ń dá àwọn aláìsàn padà. Ní ọjọ́ 4, oṣù kọkànlá ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Johannesburg kà á léèwọ̀ fún ẹgbẹ́ náà láti máa béèrè ìwé ìrìnnà tàbí ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tàbí kí wọ́n dí ọ̀nà ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́. Òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè àti ọlọ́pàá nìkan ni òfin fún ní irú agbára bẹ́ẹ̀.

Ìdájọ́ ti jáde, ṣùgbọ́n ìdájọ́ kì í lé ẹ̀rù lọ ní ọjọ́ kan. Jeppestown ti rí rògbòdìyàn lòdì sí àwọn àjèjì ní ọdún 2015 àti ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tí wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù kiri ní agbègbè Jules Street. Obìnrin tí ó gbé níbẹ̀ nígbà náà kò nílò kí a lé e lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹnì kan bá sọ fún un pé wọ́n ń béèrè ìwé lẹ́nu ọ̀nà, yóò jókòó sílé títí ọmọ yóò fi fẹ́ wáyé.

Èmi kò ní sọ pé irọ́ ni pé èrò pọ̀ ní kílíníìkì. Èrò pọ̀. Àwọn ìyá tí a bí ní ìlú náà ń dúró láti òwúrọ̀ kùtùkùtù, nọ́ọ̀sì kò sì tó. Láti ìgbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ti dá owó ìrànwọ́ dúró ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ọ̀pọ̀ àwọn olùgbaninímọ̀ràn tí ń bá wa ṣiṣẹ́ lórí HIV ni ó ti pàdánù iṣẹ́. Àmọ́ aláboyún tí a dá padà kì í parẹ́. Ó ń padà wá. Èyí tí a kò wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní oṣù karùn-ún lè padà wá ní oṣù kẹjọ pẹ̀lú gìrì, kí ó gba ibùsùn àwọn tí àìsàn wọn le jù, kí ọmọ rẹ̀ tí oṣù rẹ̀ kò pé sì gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nínú ẹ̀rọ amóoru. Ìwádìí tí ìjọba ṣe láàárín àwọn aláboyún ní ọdún 2022 fi hàn pé ó lé ní ẹnì kan nínú mẹ́rin tí ó ní kòkòrò HIV. Èyí tí a bá tètè rí, tí ó sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, lè bí ọmọ tí kò ní in. Syphilis pẹ̀lú ń pa ọmọ inú, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ penicillin tí kò wọ́n ni ó ń wò ó.

Bí ẹ bá ń mú un lọ

Láti ọdún 2017 ni Gúúsù Áfíríkà ti ń tẹ̀ lé ètò ìbẹ̀wò mẹ́jọ: kí ọ̀sẹ̀ 14 tó pé, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ 20, 26, 30, 34, 36, 38 àti 40. Ẹ má jẹ́ kí ó dá lọ ní ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ mú ìwé èyíkéyìí tí ó bá ní dání, kódà bí ó bá ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, nítorí orúkọ àti ọjọ́ ìbí ni a fẹ́ rí níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dá yín dúró, ẹ má bá a jà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ rọra béèrè fún nọ́ọ̀sì àgbà tí ó ń bójú tó kílíníìkì, ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò sílẹ̀, kí ẹ sì mẹ́nu ba ìdájọ́ ọdún 2023. Bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ tán, wọn yóò fún un ní ìwé àkọsílẹ̀ oyún. Ìwé náà kò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ rárá, nítorí ilé ìwòsàn tí ó máa gbẹ̀bí lè má jẹ́ kílíníìkì tí ó ti ń gba ìtọ́jú.

Ohun méjì kan wà tí ẹni tí ó ti Nàìjíríà wá gbọ́dọ̀ sọ fúnra rẹ̀, nítorí nọ́ọ̀sì Johannesburg lè má béèrè. Èkíní ni genotype. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ó jẹ́ AS, ṣùgbọ́n àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ọmọ onílẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, nítorí náà kò sí lára àyẹ̀wò tí a ń ṣe fún gbogbo aláboyún níbẹ̀. Èkejì ni ibà. Ẹ̀fọn kì í kó ibà ran ènìyàn ní Johannesburg, ìlú tí ó ga ju 1,700 mítà lọ sí ojú òkun. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í fún aláboyún ní oògùn adènà ibà bí a ti ń ṣe nílé. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó tàbí Ìbàdàn dé, tí ara rẹ̀ sì ń gbóná, kí ó sọ ibi tí ó ti wá kí ó tó sọ ohunkóhun mìíràn. Ibà tí a pè ní ọ̀fìnkìn ti pa àwọn arìnrìn-àjò, aláboyún ni ó sì máa ń tètè wọ̀ lára jù.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ ṣàlàyé bí a ti ń lo oògùn, ẹ má kàn kó o fún un. Kì í ṣe àkókò kan náà ni a ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ àti calcium. Kí wákàtí mélòó kan wà láàárín wọn. Kí ó má sì fi tíì gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ mì. Ẹni tí ó ń lo dolutegravir lè lò ó pẹ̀lú ọ̀kan nínú méjèèjì bí ó bá ń jẹun lọ́wọ́. Bí inú rẹ̀ bá ṣófo, kí dolutegravir ṣáájú pẹ̀lú wákàtí méjì, tàbí kí ó tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà.

Nínú yàrá

Ọ̀pọ̀ ilé ní Jeppestown àti àárín ìlú ni a ti pín sí yàrá wẹ́wẹ́ pẹ̀lú pákó, tí iná mànàmáná kò sí níbẹ̀ tàbí tí ó ń ṣe ségesège. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, iná jó ilé Usindiso ní Marshalltown, kò jìnnà sí ibẹ̀, ó lé ní 70 ènìyàn tí ó kú. Aláboyún kì í lè sáré, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fo fèrèsé. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ fún un ní yàrá ìsàlẹ̀ tí ó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà, kí omi tí ó ń gbé gòkè àtẹ̀gùn sì di iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Nígbà òtútù, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, àwọn ènìyàn máa ń gbé agolo oníhò tí wọ́n dáná èédú sí, èyí tí wọ́n ń pè ní imbawula, wọ inú yàrá, wọn a sì ti fèrèsé. Afẹ́fẹ́ olóró tí ó ń tinú èédú jáde kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ó ń gba ààyè atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, ọmọ inú sì ni ó ń jìyà rẹ̀ jù. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀, àwọn ohun tí aláboyún ti mọ̀ mọ́ oyún tẹ́lẹ̀, nítorí náà kì í fura. Ẹ béèrè bóyá àwọn mìíràn nínú yàrá náà ń ní irú orí fífọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé èédú náà jáde, kí ẹ gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Wọ́n ń ta amọ̀ jíjẹ ní òpópónà Johannesburg, bí a ti ń ta irú rẹ̀ ní ọjà wa. Àwọn olùwádìí rí i pé òjé pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláboyún ìlú náà tí ń jẹ ẹ́ ju ti àwọn tí kì í jẹ ẹ́ lọ. Ẹ má fi í ṣẹ̀sín. Amọ̀ wíwù jẹ sábà máa ń jẹ́ àmì àìtó ẹ̀jẹ̀, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ní ti àgbo tí a fi ránṣẹ́ láti ilé, àti isihlambezo tí àwọn ìyá àgbà Zulu ń sè fún aláboyún, kò sí ẹni tí ó lè sọ ìwọ̀n ohun tí ó wà nínú ìgò. Ìyá mi náà fi àgbo ránṣẹ́ sí mi nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi. Mo dúpẹ́, n kò mu ún.

Ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ pàjáwìrì, 10177, tàbí 112 láti orí fóònù alágbèéká, sí ara ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé ní kíkún, nítorí ẹni tí ẹ̀rù bà lóru kì í rántí àdírẹ́sì. Ẹ pè é bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, bí omi bá ya kí oṣù tó pé, bí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, bí ojú àti ọwọ́ bá wú lójijì, bí gìrì bá mú un, tàbí bí ọmọ kò bá yí mọ́ bí ó ti ń yí tẹ́lẹ̀. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, kí ẹni tí ó ní mọ́tò nínú ilé tàbí ní ìsọ̀ àwọn mẹkáníìkì tí ó wà nítòsí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun ni a ó pè.