Àdúrà Tèmi-Nìkan Ti Pọ̀ Jù

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí yóò bí àwọn kan nínú. Ẹ jẹ́ kó bí wọn. Bó bá jẹ́ pé ńṣe là ń yin ara wa lójoojúmọ́, ta ni yóò wá sọ òótọ́ fún wa?

Ohun tí mo ní í sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Àwa Kristẹni ìlú ńlá ń gbàdúrà kíkankíkan, ṣùgbọ́n a kì í gbàdúrà fún ìjọ wa. Ara wa nìkan là ń gbàdúrà fún.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ́ kan, a ṣe àìsùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo ń ka kókó àdúrà bí wọ́n ti ń pè é. Méjìlá ni. Ọ̀kan fún físà, ọ̀kan fún ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, méjì fún ilé àti mọ́tò, ọ̀kan fún àwọn tí kò tíì rí ọkọ tàbí aya. Méje tó kù, ọ̀tá ni: ọ̀tá ilé, ọ̀tá ọ̀nà, ọ̀tá ibi iṣẹ́. A làágùn, ohùn wa há. Kò sí ẹyọ kan péré fún ìjọ tó kó gbogbo wa jọ sábẹ́ òrùlé yẹn. Èmi náà ń pariwo "Àmín", n kò sì fura.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a ń wá kọ́kọ́rọ́ yàrá tí a ń kó àga ìkórè sí. Wọ́n ní ọwọ́ màmá àgbà kan ló wà, àwọn tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, tí wọ́n ń gbá inú ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ìgbà yẹn ni mo tó bi ara mi pé ìgbà wo ni mo rí wọn gbẹ̀yìn. Mo lọ sílé wọn. Ẹ̀yìn ògiri ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni. Orí ẹní ni mo bá wọn, ẹsẹ̀ wọn wú, ó ti di ọ̀sẹ̀ karùn-ún tí wọn kò lè dìde.

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mà. A ò gbọ́ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́, ọmọ mi. Èmi ń gbọ́ yín ní tèmi. Gbohùngbohùn yín ń wọ yàrá mi tààrà. Lóru ọjọ́ Jímọ́ yẹn, mo tẹ́tí títí ilẹ̀ fi mọ́, bóyá ẹnì kan á dárúkọ mi." Wọ́n sinmi díẹ̀, wọ́n tún ní, "Ọmọ rẹ obìnrin tó ṣèdánwò ńkọ́? Ṣé èsì ti jáde? Mi ò tíì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àdúrà òwúrọ̀ mi o."

N kò mọ ibi tí mo lè kọjú sí. Ẹni tí mo gbàgbé kò gbàgbé ọmọ mi. Mo fi owó díẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí wọn, mo gba kọ́kọ́rọ́, mo sì bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Ẹ rí irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Àwọn kan á ní, "Iṣẹ́ pásítọ̀ nìyẹn. Kí la wá ń sanwó fún un sí?" Áà! Pọ́ọ̀lù tó rin ilẹ̀ rin òkun kọ lẹ́tà sí àwọn ará Éfésù, ó ní kí wọ́n máa gbàdúrà fún gbogbo àwọn ènìyàn mímọ́, kí wọ́n sì rántí òun náà. Bí Pọ́ọ̀lù bá bẹ ìjọ fún àdúrà, ta ni pásítọ̀ tiwa tí kò ní í nílò rẹ̀? A kì í gbàdúrà fún un kó má purọ́, kó má fọwọ́ kan owó ìjọ. Ọjọ́ tó bá ṣubú la máa ń dúró sẹ́nu géètì láti fi í ṣẹ̀sín.

Nígbà tí Hẹ́rọ́dù ti Pétérù mọ́lé, ìjọ kò ní lọ́yà, wọn ò ní sójà. Wọ́n pé jọ sílé Màríà ìyá Jòhánù Máàkù, wọ́n ń gbàdúrà fún un. Pétérù dé, ó kan ilẹ̀kùn. Inú ọmọdébìnrin tó ń jẹ́ Ródà dùn débi pé ó gbàgbé láti ṣílẹ̀kùn fún un. Àwọn tó wà nínú ilé ní orí ọmọ náà ti dàrú! Ìgbàgbọ́ wọn kò tó nǹkan lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ wọ́n mọ orúkọ ẹni tí wọ́n ń gbàdúrà fún, wọ́n sì mọ ibi tó wà. Ṣé àwa mọ̀?

Ká má tilẹ̀ lọ jìnnà. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú ń pa ènìyàn káàkiri, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ àdúrà sílẹ̀. J. B. Ṣàdárè wà níbẹ̀, Sófíà Ọdúnlámì náà wà níbẹ̀. Ó wà lára orísun ìjọ Aládùúrà tí a mọ̀ lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn jiyàn lórí ẹ̀kọ́ wọn lè jiyàn. Ohun tí èmi rí níbẹ̀ ni pé ikú wọ ìlú, wọ́n sì wá ara wọn lọ. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.

"Ṣùgbọ́n ọ̀tá wà o!" Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà. Ọmọ Yorùbá ni mí, ẹ má kọ́ mi. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. Nínú ìjọ wa, ìyá méjì jà lórí owó ẹgbẹ́. Lóru àìsùn yẹn, ìjókòó kan péré ló wà láàárín wọn. Wọ́n ní ká gbàdúrà kí ọ̀tá ṣubú. Àwọn méjèèjì fò sókè. Ẹ jọ̀wọ́, tìkéta wo ni kí Ọlọ́run gbọ́ nínú méjèèjì? Ká ní a gbàdúrà fún ìrẹ́pọ̀ wọn ni, ṣé ìjà ọ̀hún á ti pẹ́ tó báyìí?

Ẹlòmíràn á ní Ọlọ́run ti mọ ohun gbogbo, kí la tún ń dárúkọ ènìyàn sí? Òótọ́ ni, Ọlọ́run mọ̀ pé màmá ń ṣàìsàn. Àwa la ò mọ̀. Àdúrà fún ẹnì kejì kì í ta Ọlọ́run jí. Àwa ló ń ta jí. O ò lè dárúkọ ẹnì kan níwájú Ọlọ́run láàárọ̀, kí o wá kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nírọ̀lẹ́ bí ẹni tí kò rí i.

Mo dìde níbi ìpàdé ìjọ, mo ní kí a kọ orúkọ gbogbo ilé sínú ìwé, kí a máa gbàdúrà fún márùn-ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Alàgbà kan ní mo fẹ́ fi àkókò ṣòfò. A jiyàn títí, wọ́n gbà. Orúkọ màmá ló ṣáájú. Bí a ti ṣe àmín tán, obìnrin kan béèrè pé, "Ta ló ti gbé wọn lọ sọ́sibítù?" Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ọjọ́ náà la dáwó, ọjọ́ kejì wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà. N kò ní àdúrà nìkan ló wò wọ́n. Oògùn ṣe tirẹ̀. Àmọ́ ká ní a ò gbàdúrà yẹn ni, oògùn ọ̀hún ì bá má dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ti padà sí ẹ̀gbẹ́ òpó wọn.

Ìwọ tó ń ka èyí, mélòó lo mọ orúkọ wọn nínú àwọn tí ẹ jọ jókòó ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá? Ta ni kò wá? Fi orúkọ kan bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri ṣọ́ọ̀ṣì yín ń gbọ́ yín o.