Orógbó Kì Í Ṣe Obì

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, a ti kọ Garcinia kola títí ó fi sú wa. A ó fa ìlà sí i nídìí, a ó wá kọ "orogbo" sí ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí "orúkọ ìbílẹ̀", láìsí àmì ohùn kankan, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Àwa ò gbà.

Gẹ̀ẹ́sì ń pe orógbó ní "bitter kola", ìyẹn obì tó korò. Orúkọ sáyẹ́ǹsì náà sì gbé "kola" yẹn kọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ ewéko fúnra wọn mọ̀ pé orógbó kò bá obì tan: Clusiaceae ni ìdílé orógbó, Malvaceae ni ti obì. Ìyá tó ń tà á lọ́jà kò ṣì wọ́n pè rí. (Ẹ gbé orógbó lọ síbi tí wọ́n ti ní kí ẹ gbé obì wá, ẹ ó rí i.)

Obì náà ńkọ́? Gbànja ní awẹ́ méjì, àbàtà ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Cola nitida àti Cola acuminata nìyẹn, iye awẹ́ yìí kan náà sì wà lára ohun tí ìwé fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Obì ni orúkọ ẹbí, gbànja ni ti ẹni kọ̀ọ̀kan. Ṣé kì í ṣe irú orúkọ alápá méjì tí Linnaeus fún àwọn ewéko ní 1753 nìyẹn?

A ò ní ká ju Látìn nù o. Orúkọ ewé lè yàtọ̀ láti Èkìtì dé Ìjẹ̀bú, ẹni tó wà ní Brazil sì gbọ́dọ̀ mọ ewé tí à ń wí. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún wa pé Látìn kì í gbè sápá kan. Iṣin, igi ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ni wọ́n sọ ní Blighia sapida, nítorí William Bligh, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tó gbé e láti Jàmáíkà lọ sí England ní 1793. Orúkọ wọ̀nyí sì ṣeé yí padà: ní 2024, àwọn onímọ̀ ewéko àgbáyé dìbò ní Madrid pé kí "caffra", tó jẹ́ èébú fún ènìyàn dúdú, di "affra".

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló lè ka Milicia excelsa láìkọsẹ̀, tí kò lè dá ìrókò mọ̀ nínú igbó. Máàkì wa pé, igi ò yé wa.

Nítorí náà, kí wọ́n kọ orúkọ Yorùbá tàmìtàmì sára gbogbo ewé tó wà ní yàrá àyẹ̀wò, pẹ̀lú ìlú tí wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n bi wá nínú ìdánwò ìdí tí orógbó kì í fi í ṣe obì. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tó ti ń kọ́ni báyìí, kíláàsì tiyín ni ká ti bẹ̀rẹ̀.