Ojú Inú Akéwì nínú Àwòrán Ukréìn

Iṣẹ́ ńlá ni fún ayàwòrán láti ya ìmísí akéwì, nítorí pé ìmísí kò ní àwọ̀, kò sì ní ìrísí. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù ló yàn láti ya abo-òrìṣà kan tó dúró ti akéwì, tí akéwì náà sì gbójú sókè. Àwọn àwòrán kan tó jẹ mọ́ ewì Ukréìn fi ọ̀nà mìíràn hàn, ọ̀nà náà ló sì dára jù: àárín ènìyàn ni ìmísí ti ń wá.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ ni àwòrán tí Vasyl Sternberg yà sí iwájú ìwé Kobzar, àkójọpọ̀ ewì Taras Shevchenko tó jáde ní ọdún 1840. Kobzar ni akọrin alárìnká tó ń ta ohun èlò olókùn tí wọ́n ń pè ní kobza. Afọ́jú ni púpọ̀ nínú wọn. Nínú àwòrán náà, kobzar jókòó, ọmọdékùnrin tó ń mú un lọ́nà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí abo-òrìṣà níbẹ̀. Etí ni afọ́jú fi gba ìtàn àwọn tó ṣáájú, ojú inú ló sì fi ń rí i.

Akéwì ni Shevchenko, ayàwòrán sì tún ni. Ẹrú ni àwọn òbí tó bí i ní 1814. Ní 1838, wọ́n fi 2,500 rúbù tí wọ́n rí lórí àwòrán Zhukovsky tí Karl Bryullov yà ra òmìnira fún un. Ọdún náà ló bẹ̀rẹ̀ ewì Kateryna, ìtàn ọmọbìnrin abúlé tí ọmọ ogun Rọ́ṣíà fún lóyún tó sì kọ̀ sílẹ̀. Ní 1842, ó fi ọ̀dà ya ìtàn kan náà. Kateryna tẹrí ba, kò wọ bàtà. Ajá ń gbó ológun tó ń gun ẹṣin lọ. Bàbá arúgbó tó ń gbẹ́ ṣíbí ń wò ó tàánútàánú.

Àwọn kan lè sọ pé àwòrán yìí kì í ṣe ti ìmísí, níwọ̀n bí akéwì kò ti sí nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ru akéwì sókè gan-an ni ayàwòrán gbé síwájú òǹwòran: ìyà ọmọlàkejì. Nígbà tí wọ́n lé Shevchenko lọ sí ìgbèkùn ní 1847, Nicholas Kìíní, ọba Rọ́ṣíà, pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ kọ̀wé, kò sì gbọdọ̀ yàwòrán. Àṣẹ náà so ewì àti àwòrán pọ̀ bí ohun tó ti orísun kan náà ṣàn wá. Síbẹ̀, Shevchenko ń kọ ewì ní kọ̀rọ̀ sínú àwọn ìwé pélébé tó ń fi pamọ́ sínú bàtà.

Ó yẹ kí olùkọ́ ewì fi irú àwòrán wọ̀nyí kọ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbà pé láti ojú sánmà ni ewì ti ń já bọ́ yóò káwọ́ gbera, yóò máa retí rẹ̀. Èyí tó bá mọ̀ pé àárín ènìyàn ló wà yóò dìde, yóò lọ tẹ́tí sílẹ̀.